Rachael Kò Ní Yọ́ Lọ sí Kánádà

Nígbà tí Jọlá ta gbogbo àga ilé rẹ̀, ó ní tuntun lòun fẹ́ rà ní ọjà àga Kugbo. Rachael, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán ní mínísírì, tẹ̀lé e lọ ná àga nínú oòrùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Jọlá pè é láti Kánádà, ó ní kó má bínú, ayé le. Rachael bínú. Ó bínú débi pé ọbẹ̀ tó gbé kaná jóná mọ́ ìkòkò.

Nítorí náà, nígbà tí òun àti Láníyì ọkọ rẹ̀ kọ̀wé tiwọn láti lọ sí Kánádà, tí Láníyì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ títí wọn yóò fi wọ bàálù, ó kọ̀ jálẹ̀. Kí ló jí gbé? Ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Gwarinpa, ó dìde, ó ní àwọn fẹ́ lọ máa gbé Kánádà, bó bá sì yá, àwọn àti àwọn ọmọ àwọn yóò di ọmọ ìlú náà. Ìyá Diméjì, alága wọn, fà á sí kọ̀rọ̀, ó ní kó fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọ̀rọ̀ náà. Nílé, Láníyì bi í pé bí wọn ò bá gba àwọn ńkọ́, ojú wo làwọn yóò fi wo èèyàn?

Wọn ò gbà wọ́n lóòótọ́. Rachael sunkún, ó bọ́jú. Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé àwọn ìyá tún pé, Láníyì ní kó jókòó sílé, kó sọ pé ara òun ò yá. Ó wé gèlè. Láníyì fi ìbínú wa mọ́tò gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kọ̀ láti sọ̀ kalẹ̀.

“Ẹ̀yin ìyá mi, wọn ò gbà wá,” ni Rachael wí. “Ojú ò tì mí. A ó tún un kọ, n ó sì tún sọ fún yín.”

Ìyá Diméjì bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kọ àwa,” ló wí. “Mi ò rẹ́ni bá sunkún.”

Ni ẹnì kan láti ẹ̀yìn bá ní ìwé tòun ń bẹ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, òmíràn náà sọ tiẹ̀. Rachael tó ti múra ìjà wá látilé kò rẹ́ni bá jà.

Ìpàdé pẹ́ títí. Láníyì wọlé wá wò ó, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó fa àga kan, ó jókòó láàárín àwọn ìyá.

“Èmi náà sunkún,” ló wí.