Bí Mo Ṣe Lọ Mu Kọfí ní Makepe Nítorí Ráúfù

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Sìdí, ọmọ mi obìnrin, wá jí mi ní yàrá tí wọ́n fi mí wọ̀ sí ní Madagascar. Ẹ̀yin ará ilé ní Ṣakí, kì í ṣe erékùṣù inú òkun yẹn o. Àdúgbò kan ni ní New Bell, ní ìlú Douala, níbi tí Haúsá, Bamiléké, Íbò àti àwa Yorùbá ti ń gbé bí igi ìṣáná inú páálí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Bí mo bá sọ pé mo rí ẹja kan tó dúró lẹ́nu fèrèsé, tó ń béèrè ọ̀nà odò, ẹ máa ní mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mi ò ní í sọ ọ́.

"Bàbá, ẹ dìde," ni Sìdí wí. "Ẹ bá mi lọ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀."

Ráúfù ọkọ rẹ̀ ló ń wí. Ọ̀rọ̀ Bakassi ti gbóná nígbà náà. Àwọn sójà tiwa àti tiwọn ń yìnbọn síra wọn lórí ilẹ̀ ẹrẹ̀ kan létí òkun, àwa tí a ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n wá ń mú ní Douala. Àwọn jàǹdáàmù, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá wọn tó ń múra bíi sójà, máa ń dúró sí oríta, wọ́n á máa béèrè kátì sẹjúù, ìwé tí àjòjì fi ń gbé ìlú wọn. Ẹni tí kò bá ní in, inú ọkọ̀ ni wọ́n ń jù ú sí. Ráúfù kò ní in. Ilé búrẹ́dì kan ní Makepe ló ti ń ṣiṣẹ́, Raoul ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ará Foumban, ìlú Mùsùlùmí kan nílẹ̀ wọn, ni wọ́n sì kà á sí. Ó lọ síbi iṣẹ́, kò wálé mọ́. Bóyá ó sá pamọ́ síbẹ̀ ni, bóyá ọkọ̀ ti gbé e lọ ni, a ò mọ̀. Sìdí fúnra rẹ̀ lóyún, ikùn rẹ̀ ti tó ohun tó ń wọ yàrá kí òun tó wọ̀ ọ́. Èmi ló kù.

"Ẹ má béèrè Ráúfù o, ẹ má sì béèrè Raoul," ni ó kìlọ̀ fún mi. "Ẹ ṣe bí oníbàárà. Ẹ na ìka sí ohun tí ẹ fẹ́ jẹ, ẹ jókòó síbi tí ẹ ti lè rí ẹnu ààrò. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ mu kọfí yín tán, kí ẹ máa bọ̀. Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má lanu."

"Ṣé mo máa ń sọ̀rọ̀ jù ni?"

Ó kó fìlà mi lé mi lọ́wọ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Ní Douala, ènìyàn kì í kàn wọ takisí. Ẹ ó dúró létí títì, ẹ ó pariwo ibi tí ẹ ń lọ bí ọkọ̀ bá ti ń rọra bọ̀. Bí awakọ̀ bá fọn fèrè, ó gbà yín nìyẹn. Bí kò bá fọn ún, ó ti lọ. Mo pariwo "Makepe!" Ó fọn fèrè. Mo pa ẹnu mi dé. Ènìyàn méjì ni wọ́n ń kó síwájú níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, nítorí náà èmi àti obìnrin kan tó gbé ẹja gbígbẹ lé ẹsẹ̀ la jọ há síbẹ̀.

"Papa, ṣé ẹ gbọ́ rédíò?" ni awakọ̀ bi mí ní píjìn. "Wọ́n ní àwọn Nàìjíríà tún ti yìnbọn."

Mo na ìka sí etí mi, mo mi orí.

"Odi ni," ni obìnrin ẹlẹ́ja wí.

"Odi wo? Odi tó pariwo Makepe bí ẹni tí wọ́n jà lólè?"

"Bóyá Makepe nìkan ló mọ̀ ọ́n pè."

Awakọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló ń wò ju ojú títì lọ, títì náà kì í sì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbójú kúrò lára rẹ̀. A wọ kòtò kan, gbòǹgbò igi ni mo rí lókè orí mi kí a tó gòkè. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn jàǹdáàmù fi àgbá dínà, awakọ̀ rọra, ó sì bojú wò mí. Mo rò pé ó máa fi mí lé wọn lọ́wọ́. Obìnrin náà gbé gbogbo ẹja rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀, ó ní, "Papa, gbé e dáadáa." Jàǹdáàmù tó yọjú gbóòórùn ẹja, ó yí imú padà, ó ní ká kọjá. Títí mo fi sọ̀ kalẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá obìnrin náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ilé búrẹ́dì náà mọ́ ju ilé ọba mìíràn lọ. Búrẹ́dì tiwa nílé, bí tìmùtìmù ni. Tiwọn gùn bí kùmọ̀, ó sì le. Abẹ́ apá ni wọ́n ń kó o sí lọ sílé láìfi nǹkan kan wé e. Àmọ́ èyí tí wọ́n ń pè ní kúrásáǹ, ó rí bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lẹ́yìn àwẹ̀, tí ẹ bá bù ú jẹ, bọ́tà á kún gbogbo irùngbọ̀n. Ọgọ́rùn-ún fáráǹkì ni wọ́n ń tà á. Mo na ìka sí i, mo na ìka sí kọfí. Madam Polínì, obìnrin sísanra tó ni ilé náà, kó wọn fún mi. Mo jókòó, mo kọjú sí ẹnu ààrò.

Ìgbà náà ni mo rí i pé jàǹdáàmù kan ń mu kọfí lórí tábìlì tó kàn mí.

Kọfí náà korò bí àgbo, mo sì ń mu ún bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Mo wo ẹnu ààrò títí. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé, wọ́n ń jáde, fùláwà ti bo ojú gbogbo wọn, wọ́n funfun bí òkú tí wọ́n tẹ́. Mi ò dá ẹnì kankan mọ̀. Ọ̀kan wá yọ láti ìdí iná, ó gbé àwo irin ńlá tó kún fún kúrásáǹ lé èjìká, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀ bí òjò. Ẹ sọ fún mi, ọmọ Yorùbá wo ló máa rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó máa kàn máa wò ó? Ẹnu mi yọ lọ́wọ́ mi. Mo fi ohùn àgbà kí gbogbo wọn:

"Ẹ kúṣẹ́ o!"

Ẹ̀yin ará ilé, lédè Faransé, "kúṣé" ni "ẹ dùbúlẹ̀!" Ohun tí àwọn jàǹdáàmù máa ń pariwo nìyẹn bí wọ́n bá já wọlé pẹ̀lú ìbọn. Gbogbo ilé náà wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Madam Polínì lọ sílẹ̀ lẹ́yìn káńtà. Ọkùnrin kan di àwo kọfí rẹ̀ mú títí ó fi dé ilẹ̀. Ológbò ilé náà dùbúlẹ̀, mo fi ojú mi rí i. Ẹni tó sì kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, tó da ojú délẹ̀ pátápátá, ni jàǹdáàmù wa.

Èmi nìkan ló kù lórí ìjókòó, àti ẹni tó gbé àwo irin, tó ṣì wà lóòró. Ẹni yẹn sì dáhùn ketekete:

"Oo! Ẹ ṣé o, Bàbá!"

Ohùn Ráúfù ni.

Ayọ̀ àti ìbẹ̀rù jọ gbá mi lẹ́ẹ̀kan. Ó wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ tú ara rẹ̀ fó.

Jàǹdáàmù dìde. Iwájú aṣọ rẹ̀ funfun fún fùláwà.

"Ta ló ní ká dùbúlẹ̀?"

Gbogbo ẹni tó wà nílẹ̀ na ìka sí mi.

"Rárá, ṣẹ́ẹ̀fù," ni mo wí ní píjìn; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀gá níbẹ̀. "Ìkíni ni. Bí a ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn nílẹ̀ wa."

"Nílẹ̀ yín níbo?"

Mo fẹ́ sọ pé Mẹ́kà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń kúrò lára mi lọ sọ́dọ̀ Ráúfù.

"Nàìjíríà," ni mo yára wí. "Èmi ni ọmọ Nàìjíríà tó wà níbí. Ẹ máa mú mi lọ."

"Èyí tó dá ọ lóhùn ńkọ́?"

"Ọmọ tó mọ ìwà hù ni. Àgbà kí i, ó dáhùn."

"Lédè rẹ?"

Àwo irin ń gbọ̀n lórí èjìká Ráúfù, kúrásáǹ ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Madam Polínì wá gbọn ara rẹ̀ nù, ó dìde.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, mú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n á bi ọ́ ní ọ́fíìsì pé kí ni bàbá yìí ṣe. Wàá ní ó ní kí o dùbúlẹ̀, o sì dùbúlẹ̀."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀rín yẹn ló dẹ́rù bà mí jù, nítorí ẹni tó ní ìbọn nídìí ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sí bẹ́líìtì. Ráúfù rọra sọ àwo irin kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú fìlà jàǹdáàmù tó ti yí lọ sábẹ́ káńtà, ó gbọn fùláwà ara fìlà náà dànù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Jàǹdáàmù gbà á, ó dé e.

"Raoul," ni ó wí, "àràárọ̀ ni mò ń mu kọfí níbí. Láti ọ̀la lọ, mi ò fẹ́ rí ọ níbí mọ́. Mi ò sì fẹ́ mọ orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́."

Ó kó kúrásáǹ tèmi tó kù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn ilé la gbà jáde, inú àwọn kọ̀rọ̀ la gbà délé. Bí Sìdí ti rí ọkọ rẹ̀, ó kọ́kọ́ dì mọ́ ọn. Nígbà tó wá gbọ́ bó ṣe jẹ́, inú bí i.

"Bàbá, mo ní kí ẹ má lanu! Ẹ̀yin náà, kí ló dé tí ẹ fi dáhùn?"

Ráúfù wolẹ̀.

"Látìgbà tí mo ti ń jẹ́ Raoul," ni ó wí, "ẹnikẹ́ni ò kí mi kú iṣẹ́ rí. Mi ò mọ ìgbà tí mo dáhùn."

Sìdí bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ fùláwà kúrò ní ihò etí ọkọ rẹ̀.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé, ẹni tó ń lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣọdẹ ènìyàn, kó gbàgbé ìkíni rẹ̀ sílé. Ṣùgbọ́n ká ní mo gbàgbé tèmi sílé láàárọ̀ yẹn ni, n bá mu kọfí mi tán, n bá padà wá sọ fún ọmọ mi pé mi ò rí i. Nítorí pé mo wo ojú Ráúfù nínú fùláwà yẹn, ojú kojú, mi ò mọ̀ ọ́n.