Ọmọ Tó Ń Wúwo Sí I

Ìyá Ìwọ̀n ṣì wà láyé, nítorí náà ẹ má retí kí n máa yìn ín bí ẹni ń yin òkú. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ń wọn ọmọ ní ilé ìtọ́jú aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́. Èmi ni mo ń kọ káàdì níbẹ̀. Tábìlì mi ló kángun sí ìwọ̀n rẹ̀, bó bá sín, ara mi ló máa ń ta sí.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ìwọ̀n. Àwọn ìyá á tò sórí bẹ́ǹṣì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lẹ́sẹ̀. Ìwọ̀n náà rọ̀ láti orí igi àjà, ṣòkòtò aṣọ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó gòkè, Ìyá Ìwọ̀n á kọ́kọ́ kúnlẹ̀, á fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọmọ náà, á kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Tó bá gbọ́wọ́ kúrò tí ojú ibẹ̀ jìn tí kò tètè dí, omi ló wà lára ọmọ yẹn, kì í ṣe ẹran. Kò sanra, àìsàn ló ń ṣe é, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ló ń lọ tààrà. Òun ló kọ́ mi. Ó ní ẹni tó bá fo ẹsẹ̀ títẹ̀, ìwọ̀n á kàn máa parọ́ fún un ni.

Ẹnu rẹ̀ wá burú. Ó lè wo ìyá kan láti òkè délẹ̀ kó ní, "Ìwọ sanra, ọmọ ẹ gbẹ. Ta ló ń jẹ oúnjẹ ta ni?" Bẹ́ǹṣì á rẹ́rìn-ín, ìyá náà á dorí kodò. Tí wọ́n bá ní kó rọra, á ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ká má parọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sáré kiri àdúgbò yìí lónìí, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n kú.

Lọ́jọ́ kan ó ń bú ọmọbìnrin kan tójú rẹ̀ ti ń pọ́n, mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó ti gbọ́." Ó yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹni tí ò rọbí rí, kí ló mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ? Kọ káàdì ẹ." Bẹ́ǹṣì tún rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti wà nílé ọkọ, mi ò bímọ, gbogbo wọn ló mọ̀. Mo kọ káàdì mi. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà, kò sì kúrò lọ́dún náà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ìyá Ìwọ̀n bí, ọkùnrin tó ń ṣe iṣẹ́ iná. Ilé kan náà ni Ìyá Ìwọ̀n àti ọmọ náà jọ ń gbé, pẹ̀lú ìyàwó ọmọ náà tó jẹ́ télọ̀, àti ọmọ wọn tó ti pé oṣù mẹ́rìnlá. Nígbà tí ìyàwó tún lóyún, ọjọ́ tí Ìyá Ìwọ̀n gbọ́ náà ló já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ó ní wàrà aboyún á bà jẹ́ sínú ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ní Ọjọ́rú, òun náà ló ń fi orin kọ́ àwọn ìyá pé kí wọ́n fún ọmọ ní ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja. Nílé, tí ìyàwó bá se ẹyin, á ní, "Ẹyin lẹ́nu ọmọdé? Olè lo fẹ́ sọ ọ́ dà ni?" Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á jẹ ẹyin. Ògì olómi àti ṣúgà ni tọmọ láàárọ̀, òun náà ni lọ́sàn-án, òun náà ni lálẹ́.

Ọmọ náà sì ń wúwo. Kílò mẹ́sàn-án. Ọ̀sẹ̀ kejì, mẹ́sàn-án àtààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́wàá. Ìyá Ìwọ̀n á gbé e sókè fún bẹ́ǹṣì wò, á ní kí wọ́n wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí wọ́n tọ́jú.

Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ní, "Màmá, kì í ṣeré mọ́. Kì í fẹ́ jẹun. Bàtà tá a rà lóṣù tó kọjá ò wọ ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́."

"Ọmọ tó ń sanra, ṣé bàtà á máa bá a sanra ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ wò."

"Kí n máa tẹ ọmọ-ọmọ mi bí ẹni ń ra píà? Gbé ìyẹn kúrò lẹ́nu."

Okùn ìwọ̀n ti lọ́ lọ́jọ́ náà. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́ kó lè tún un ṣe. Ẹsẹ̀ ọmọ náà bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó tutù, ó ń dán. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ka ení dé ẹ̀wá, ojú ibẹ̀ ò dí. Ọmọ náà ò tiẹ̀ wò mí.

Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi. Mo wo Ìyá Ìwọ̀n, ó ń bá bẹ́ǹṣì ṣàwàdà, mo wá gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo ní ṣebí mi ò rọbí rí, kí ni mo mọ̀? Mo ní kó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí nọ́ọ̀sì rí i fúnra ẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Ìtìjú ni mo fẹ́ kó jẹ. Mi ò fẹ́ kọ́mọ kú, Ọlọ́run gbọ́. Nígbà tó wọn ọmọ náà tán, mo kọ ọ́ sí káàdì: kílò mẹ́wàá àtààbọ̀, ó ń ṣe dáadáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ náà kú lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ẹbí ọkọ kún pálọ̀. Ìyàwó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, oyún oṣù márùn-ún níwájú rẹ̀. Káàdì wà lọ́wọ́ Ìyá Ìwọ̀n, ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà tó ń gòkè. "Ọmọ tó ń lọ sókè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀," ó ní. "Kí ni ìyá ẹ̀ fún un jẹ tó fi kú?"

Ó mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi wẹ òkú ọmọ náà. Ẹni tó ti tẹ ẹsẹ̀ ọmọ fún ọdún mẹ́rìnlélógún ò lè wẹ irú ẹsẹ̀ yẹn kó má mọ ohun tó rí.

Àbúrò bàbá ọkọ bi mí bóyá èmi ni mo kọ káàdì náà. Mo ní èmi ni. Ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ṣe sọ ọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyàwó gbójú sókè. Kò pariwo. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin náà tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí yín. Ẹ sọ fún wọn, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fẹ́ lé mi."

Gbogbo pálọ̀ wò mí. Ìyá Ìwọ̀n náà wò mí. Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí ìdí tí mo fi dákẹ́.

Mo ní mi ò rántí.

Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síta. Ìyá Ìwọ̀n sìn mí dé ojú títì. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "O ṣé, àbúrò mi." Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi."