Fídáù Mùtàlíbù

Tí ẹ bá gbọ́ pé mò ń bínú sí Basit ọmọ Alimat, òótọ́ ni, mi ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni. Kìrìsìtẹ́nì ni mí. Felicia lorúkọ mi, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lèmi àti Akínwùmí ọkọ mi ń lọ. Àwọn kan ní kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí. Ó kàn mí. Èmi àti Alimat jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni, a jọ ń gbé àwọn òyìnbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, a jọ ń wẹ̀ fún wọn, wọ́n sì jọ ń bú wa.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Alimat. Nígbà tí òun àti Mùtàlíbù ọkọ rẹ̀ dé Maryland, ẹ lè ka àwọn Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí lágbègbè wa tán láàárín ìṣẹ́jú kan. Mùtàlíbù ń wa táksí. Yàrá tó wà lábẹ́ ilé wọn ní Riverdale ni gbogbo wọn ti ń ṣe àsàlátù lọ́jọọjọ́ Àìkú, tí Iléyá bá sì dé, wọ́n á lọ háyà gbọ̀ngàn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mọ́ṣáláṣí ńlá kan ni wọ́n ń lọ, èyí tó jẹ́ ti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ará Pakistan àtàwọn Lárúbáwá. Wọ́n á kírun tán, olúkúlùkù á wọ mọ́tò rẹ̀. Alimat máa ń ṣàròyé pé ńṣe ni wọ́n ń wo àwọn níbẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀sìn lánàá, bẹ́ẹ̀ láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti ń kírun nílé wọn.

Ohun tó ń dẹ́rù bà á jù ni Basit, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún un. Níléèwé ní Greenbelt, Bobby ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Lọ́jọ́ kan ló délé, ó ní kí ìyá òun náà máa pe òun ní Bobby, kí wọ́n sì ra igi Kérésìmesì. Ọkàn Alimat ò balẹ̀ mọ́. Ó ti rí ọmọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó dàgbà, tó ní òun ò ṣẹ̀sìn kankan. Ló bá fi Basit sílé kéwú ní mọ́ṣáláṣí ńlá yẹn. Torí kéwú yìí, kò gba ofataìmù lópin ọ̀sẹ̀ mọ́, àsàlátù tó fẹ́ràn pàápàá, kì í dúró parí rẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ààfáà ló fẹ́ fi ọmọ ṣe. Á rẹ́rìn-ín, á ní ààfáà sàn ju Bobby lọ.

Ó sì rí ohun tó ń wá. Basit wọ yunifásítì, ó dá irùngbọ̀n sí, kò mu sìgá, kò mu ọtí, kò gbé ọmọbìnrin kankan wálé. Gbogbo wa la bá a yọ̀. Àṣé ẹjọ́ ṣì wà níwájú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fáwọn òbí rẹ̀ pé àsàlátù kì í ṣe ẹ̀sìn, pé àdádáálẹ̀ ni. Ó ní gèlè ìyá òun ò bo ọrùn. Ó sọ fọ́tò ìgbéyàwó wọn kalẹ̀ lára ògiri pálọ̀, ó ní ẹ̀sìn ò fẹ́ àwòrán èèyàn. Mùtàlíbù kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó ní ọjọ́ orí ló ń ṣe é, pé yóò rọlẹ̀.

Lọ́dún 1997, kíndìnrín dá Mùtàlíbù dùbúlẹ̀. Ojú mi ló ṣe nígbà tó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú ní ọsibítù.

Ó ní, "Alimat, ilẹ̀ àjèjì ni wọn yóò sin mí sí. Fídáù mi nìkan ni mo bẹ̀ ọ́ fún. Ẹ ṣe é fún mi bí wọ́n ṣe ṣe é fún bàbá mi."

Nígbà tó kú, Basit fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ bàbá rẹ̀, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà gan-an. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ṣe é dáadáa. Fídáù ọjọ́ kẹjọ ló dìjà. Yorùbá ni wá, ẹ mọ bó ṣe rí: Mùsùlùmí tí wọn ò bá pe ààfáà jọ kí wọ́n ké Àlùkùráánì fún, kí wọ́n tọrọ àforíjì fún un, kí èèyàn jẹ sàráà lórí rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n gbé jù sígbó ló rí lójú tiwa.

Alimat ti pe Ààfáà Taofeek, ààfáà àsàlátù wọn. Basit fóònù ọkùnrin náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ní kó má wulẹ̀ wá. Mo wà nínú kíṣíìnì wọn, mò ń gé ẹran, nígbà tó wá bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Òyìnbó ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò sì le rárá, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ó ní, "Mọ́mì, Ànọ́bì ò ṣe é. Tí ẹ bá ṣe é nínú ilé yìí, màá kó ẹrù mi jáde, ẹ ò sì ní rí mi mọ́."

Alimat kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Ẹ gbọ́ mi yé, ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ! Basit fa ìyá rẹ̀ dìde, omi ń dà lójú òun náà, àmọ́ kò yí ọ̀rọ̀ padà. Inú bí mi, mo bi í pé ta ló gbé e lọ sílé kéwú. Ó ní kí n jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn àwọn ni. Èmi tí mo pọn ọmọ yìí!

Mo délé ní Kettering, mo rò fún Akínwùmí. Kò jẹ́ kí n rò ó tán tó fi ní kí wọ́n máa bọ̀ nílé wa. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwòrán Jésù kúrò lára ògiri, ó rọra tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Àwọn ìyá àsàlátù wá, Ààfáà Taofeek àtàwọn ààfáà tó kù wá. Ojú Alimat ti wú, kò lè wa mọ́tò, Basit ló gbé e wá. Kò wọlé. Inú mọ́tò ló jókòó sí níwájú ilé wa, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n ké Àlùkùráánì, wọ́n ṣe wáàsí. Ó wá kan àdúà ọmọ olóògbé. Ààfáà Taofeek ti rí Basit níta nígbà tó ń wọlé, ó rò pé inú rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní kí ọmọ Mùtàlíbù bọ́ síwájú, kó wá kúnlẹ̀. Gbogbo wa yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Mo dìde pé kí n lọ pè é. Alimat di ìró mi mú.

Ó ní, "Jókòó, Felicia. Mùtàlíbù ò bímọ."

Ààfáà bọ́ sórí àdúà tó kàn. A ń ṣe àmín, èmi náà ń ṣe é.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Alimat ò fẹnu kan nǹkan kan. Mo sìn ín jáde. Basit sọ̀ kalẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn fún ìyá rẹ̀, ó bá a kó etí kóòtù rẹ̀ wọlé kí ilẹ̀kùn má baà há a. Ó bi í bóyá òtútù ń mú un. Alimat ní rárá, ó ṣeun, bí ìgbà tí èèyàn bá ń dá onítáksí lóhùn.