Ohùn Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá

Obìnrin kan gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ bàbá rẹ̀ wá bá mi láti Ajégúnlẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Olodi-Àpápá. Bàbá náà tẹ̀ lé e. Ẹjẹ́ńtì tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí àìsàn ìgbàgbé tó dé. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà ọ̀hún, páásíwọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ ń bèèrè, bàbá ò sì rántí ẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀njíníà, ẹ jọ̀ọ́, ohùn màmá mi wà nínú ẹ̀," obìnrin náà rọra sọ fún mi létí. "Wọ́n kọrin níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ mi. Látìgbà tí wọ́n ti kú, a ò níbòmíì tá a ti lè gbọ́ wọn."

Mo yọ wáyà iná, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì yọ bátìrì pẹlẹbẹ kan tó dà bíi kọ́bọ̀. Bátìrì yẹn ló ń bá irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ rántí aago, ètò àti páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Bàbá ń wo ọwọ́ mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo fi bátìrì tuntun sí i, mo tan án. Ọjọ́ àti aago nìkan ló bèèrè. Obìnrin náà pàtẹ́wọ́.

A wá orin náà títí a fi rí i. Ohùn màmá jáde nínú sípíkà, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Obìnrin náà ń fi etí aṣọ nu ojú. Bàbá dìde.

"Ìyá ẹ ti dé? Ibo ló lọ látàárọ̀?"

"Dádì, ẹ jókòó."

"Mo ní ibo ló lọ?"

Obìnrin náà wò mí bíi pé kí n gba òun. Ó di ọwọ́ bàbá mú.

"Dádì, màmá ti kú. Ẹ̀yin náà wà níbi ìsìnkú wọn."

Bàbá bú sẹ́kún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Lọ́kàn tiwọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ náà ni. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń tàkúrọ̀sọ lẹ́nu ọ̀nà yíjú wò wá.

Nígbà tí mo tún pàdé obìnrin náà, ó ní bàbá ti gbàgbé ọjọ́ yẹn pátápátá, òun sì ti gbé kọ̀ǹpútà náà pa mọ́. Ìgbà tí wọ́n bá sùn lòun máa ń gbọ́ orin. Ó ṣì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ bí mo ṣe lè gba ọpẹ́ náà. Ká ní a mọ̀ ni, à bá ti ní kí bàbá dúró sílé.