Pòtétò Méjìlélógún

Kí ló dé tí Ọlọ́run fi mú ẹni tó mọ pòtétò yan lọ, tó wá fi ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan ààrò sílẹ̀ fún wa? Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń bi í lórí eékún. Mo gbà pé ó ń gbọ́. Ìyẹn náà kì í rọrùn láti gbà lójoojúmọ́.

Alwyn Tattersall ni mò ń wí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì láàárín àwọn òkè Lancashire yìí, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogójì ọdún ló fi jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ láìmọ ibi tí ṣíbí wà. Enid, ìyàwó yẹn, ló ń yan pòtétò fún oúnjẹ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Odidi pòtétò ni, tèèpo-tèèpo, wákàtí méjì nínú ààrò, títí èèpo á fi máa dún kárakára lẹ́nu. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣẹ́ èèpo kù sínú àwo ti bú ẹni tó sè é. Ẹnu kì í sọ ọ́. Àwo ló ń sọ ọ́.

Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, orúkọ olóògbé ṣì wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná: "Pòtétò: Enid Tattersall." Clarice, ọ̀gá wa níbẹ̀, mú kálàmù kó pa á rẹ́.

"Má pa á rẹ́," ni Alwyn wí. "Èmi á gbé e wá."

"Ìwọ? Ìwọ tó o máa ń ké sí Enid láti yàrá kejì pé kó wá bá ẹ da omi sí tíì?"

"Mo ní maikirowéèfù."

"Olúwa ṣàánú wa! Ó dáa, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí èèpo bá padà wá, Beryl ló ni iṣẹ́ náà, orúkọ yẹn á sì kúrò."

Èmi ni Beryl.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ìkórè, Alwyn fi àpò ìrọ̀rí gbé pòtétò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó rọra gbá a mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó rò pé bí pòtétò kan bá ń lo ìṣẹ́jú mẹ́fà, mẹ́rin náà á lo mẹ́fà. Wọ́n lo ogún. Mẹ́rin-mẹ́rin ló ń sè wọ́n láti aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí ìwàásù sì fi parí, ti àkọ́kọ́ ti tutù bí òkúta. Mẹ́rìnlélógún ló rà. Méjì bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ torí kò fi fọ́ọ̀kì gún wọn lára. Èèpo ìyókù rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ìbọ̀sẹ̀ tí òjò pa.

"Alwyn," ni Clarice wí, "ṣé o sè wọ́n ni, àbí o kàn kí wọn?"

Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ó dùn gan-an, Alwyn!" Pásítọ̀ wa pàápàá sọ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wàásù lórí òtítọ́. Àwo mọ́kànlélógún padà wá pẹ̀lú èèpo. Tèmi wà lára wọn. Ẹyọ kan tó mọ́, ti Alwyn ni. Ó jókòó, ó ń jẹ èèpo yẹn bí ẹni ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀.

Clarice mú kálàmù. Alwyn tẹ̀ lé mi lọ síbi tí mo ti ń fọ àwo.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ni mo wí, "ààrò tó dára jù ládùúgbò wà nílé ẹ. Kí ló ṣe é?"

Ó ń ká aṣọ ìnuwọ́, ó tún ń tú u.

"Ọjọ́ tí Enid ṣubú, ó ti fi pòtétò méjì sínú ẹ̀. Mo pa gáàsì. Mi ò tíì ṣí i láti ọjọ́ yẹn."

Oṣù mẹ́jọ! Mo gba aṣọ ìnuwọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Beryl, ní kí Clarice dúró di Kérésìmesì kó tó pa orúkọ yẹn rẹ́. Inú ààrò yẹn ni màá ti yan án. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, wá bá mi ṣí i."