Púpurú Tó Kẹ́yìn Lórí Àjà Màmá

Olúwaṣìkẹ́mi kì í fẹnu lásán kọ́ ọmọ. Èmi tí kíláàsì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ nílé ìwé wa ní Igbotako, ariwo wọn kì í jẹ́ kí n gbádùn. A ò ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ó ní òun yóò kọ́ wọn bí ẹ̀rọ ṣe ń dá nǹkan mọ̀ yàtọ̀ síra. Mo ní kó jẹ́ kí wọ́n ka ìwé wọn. Ta ló dá mi lóhùn?

Púpurú ló kó dé lọ́jọ́ náà. Ìyá rẹ̀, tó kú nígbà òjò, ló ṣe é. Màmá á rẹ ẹ̀gẹ́, á fún un, á mọ ọ́n rìbìtì, á tò ó sórí àjà ààrò kí èéfín gbẹ ẹ́. Abẹ́ àjà yẹn lèmi, ọmọ ilé kejì, àti Ṣìkẹ́mi dàgbà sí. Màmá kò ṣàlàyé rí. Á kàn bu ọ̀kan, á ní èyí gbẹ. Á bu òmíràn, á ní ìyẹn kò gbẹ, títí ojú wa fi là. Àárò ibẹ̀ ń sọ mí.

Ṣìkẹ́mi sọ fáwọn ọmọ pé bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kọ́ nìyẹn: àpẹẹrẹ là ń fi hàn án, a ó sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, òun fúnra rẹ̀ á wá ohun tó jọra. Ó ní àwọn ọmọ ni ẹ̀rọ lónìí. Ṣìkẹ́mi ń fọ́ púpurú, ó ń sọ èyí tó gbẹ. Gbogbo èyí tó gbẹ, ti Màmá ni, ó dúdú. Èyí tí kò gbẹ, ọjà Ìlútítun ló ti rà á, ó ṣì funfun.

Ó wá mú èyí tó kù dání, òun ló kẹ́yìn nínú iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n wò ó ni, kò ní in lọ́kàn láti fọ́ ọ. Gbogbo wọn ní ó gbẹ, ṣebí ó dúdú. Miracle nìkan, ọmọ àwọn tó ń yan ẹja, fi ìka kàn án, ó ní kò gbẹ. Ṣìkẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó ní ti ìyá òun kì í tutù. Ọmọ náà kò yẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà tí mo ti ń wò wọ́n, mo ṣẹ́jú sí Ṣìkẹ́mi pé kó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ fi irọ́ kọ́ ọmọ. Ó fọ́ ọ.

Inú púpurú náà tutù, ó ti bu.

Ó ṣàlàyé fún wọn dáadáa pé òun lòun ṣì wọ́n lọ́nà: ilé kan ṣoṣo lòun ti kó gbogbo èyí tó gbẹ, àwọ̀ ni wọ́n wá kọ́ dípò gbígbẹ. Ó ní kí wọ́n lọ ṣeré. Ìgbà tí wọ́n jáde ló tó jókòó, ààbọ̀ púpurú lọ́wọ́ ọ̀tún, ààbọ̀ lọ́wọ́ òsì.

"Màmá kì í sọ púpurú tútù kalẹ̀ látorí àjà," ó ní. "Ọwọ́ rẹ̀ kò ká a mọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é lórí fóònù, ó ń sọ fún mi pé ara òun le."