Àwọn Tó Mọ̀ Nípa Orí Ọmọ Mi

Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi ní Ìkẹ́rẹ́, orí rẹ̀ gùn sẹ́yìn bí ìbẹ́pẹ, ó sì tínrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí mi ní kí n má dààmú, pé ọ̀nà tó gbà wá sáyé ló há mọ́ ọn, orí á padà sípò kó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ dé, orí kò tíì gbọ́. A dé e ní fìlà, a sọ ọ́ lórúkọ, a jẹ ìrẹsì.

Èmi àti ọkọ mi, owó oṣù ìjọba la ń jẹ. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, òun ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ènìyàn á rò pé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, bí nǹkan bá ṣe ọmọ, ilé ìwòsàn ni wọn ó kọ́kọ́ gbé e lọ. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ kò tíì bímọ ní àdúgbò wa. Kí ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀, gbogbo àwọn tí kò mọ̀ gbọ́dọ̀ ti sọ tiwọn tán.

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọmọ kan ládùúgbò tí kò tíì fi omi gbígbóná jó, kó fi àdí àgbọn tẹ orí rẹ̀ títí yóò fi rí roboto. Ní àràárọ̀, á jókòó sórí àpótí, á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ọmọ á máa ké, èmi á máa rìn káàkiri ẹ̀yìnkùlé bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

Ó ní, “Nínú ulé yìí náà ni mo ti tẹ orí ọkọ rẹ. Tirẹ̀ burú ju èyí lọ.”

Mo wo orí ọkọ mi.

Ní ọjọ́ kan tí ó lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, èmi fúnra mi wẹ ọmọ. Nígbà tí ìka mi kọjá láàárín orí rẹ̀, mo kan nǹkan líle kan tó yọ gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ tí wọ́n fi aṣọ bò. Mo wá àwùjẹ̀ rẹ̀, ibi rírọ̀ tó máa ń mí fúkẹ́fúkẹ́ lórí ọmọ tuntun. Mi ò rí i. Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé, mo sọ fún un. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọmọ tí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá tètè dí, olórí líle ni, kò sí ẹni tó máa rẹ́ ẹ jẹ láyé.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi wá kí wa, òun náà olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ọkùnrin tó ti kàwé títí ojú rẹ̀ fi ń bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀. Ó wo ọmọ, ó yọ fóònù, ó fi àwòrán àwọn ère kan hàn wá. Ó ní bí orí àwọn ọba Íjíbítì àtijọ́ ṣe rí gan-an nìyẹn, pé orí ọlọ́gbọ́n ni. Ó sọ̀rọ̀ náà títí tíì tí mo gbé fún un fi tutù níwájú rẹ̀. Mo bi í bóyá kí a máa gbé ọmọ náà lọ sí Íjíbítì, kí wọ́n lè fi jọba. Ọkọ mi wú ikọ́, ìyẹn ni pé kí n panu mọ́.

Wòlíì obìnrin kan wà tó máa ń ti Èmùré wá ṣe ìsọjí ní ìjọ wa. Òun kò tilẹ̀ wo orí ọmọ, ojú mi ló ń wò. Ó ní mo rìn ní ọ̀sán gangan nígbà tí mo lóyún. Mo ní tíṣà ni mí, ọ̀sán gangan ni ilé ìwé máa ń jáde. Ó ní ohun tí òun ń sọ gan-an nìyẹn. Ó pàṣẹ ààwẹ̀ fún èmi tí mo ń fọ́mọ lọ́mú, ó sì ní kí fìlà funfun má ṣe kúrò lórí ọmọ.

Fìlà kọ́ ló wọ́n wa. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa, fìlà ló ń mú dání: èyí tí wọ́n hun, èyí tó ní etí bí ti ehoro, èyí tó tóbi tó fi bo ojú. Kò sẹ́ni tó bèèrè bí ọmọ ṣe ń sùn. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀, orí á yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí náà ń gùn sí i, fìlà ń kéré sí i, àwọn ènìyàn sì ń mú èyí tó tóbi wá.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kan tó ní ilé ìwòsàn kékeré lẹ́bàá títì. Ó wo ọmọ láti ìdí tábìlì rẹ̀, kò dìde. Ó ní nígbà tó bá yá, irun á bò ó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi pé ọ̀rọ̀ fìlà náà ni ọkùnrin yìí ń sọ, ó kàn jẹ́ pé fìlà tirẹ̀ ń hù ni.

Kò sí ẹni tí mo sọ fún nígbà tí mo gbé ọmọ pọ̀n lọ sí Adó. Dókítà àwọn ọmọdé tí mo rí níbẹ̀ fi ọwọ́ tọ egungun líle yẹn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó fi téèpù wọn orí yíká, ó ní kí wọ́n ya fọ́tò egungun orí náà. Nígbà tí ó parí, kò sọ̀rọ̀ ọba, kò sọ̀rọ̀ ọ̀sán gangan. Ó ní àwọn kan wà ní Ìbàdàn tí iṣẹ́ wọn nìyí, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti oníṣẹ́ abẹ tó ń tún egungun ojú ṣe, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó ní kí a má pẹ́.

Ọkọ mi bá mi lọ sí Ìbàdàn. Gbọ̀ngàn tí a jókòó sí kún fún àwọn ìyá àti ọmọ. Ọmọ kan wà tí ètè rẹ̀ là dé imú. Òmíràn wà tí ojú rẹ̀ méjèèjì jìnnà síra wọn. Ti òmíràn ni pé iwájú orí rẹ̀ yọ ṣóńṣó. Kò sí èyí tó dé fìlà nínú wọn. Mo wò wọ́n títí, mo bá ṣí ti ọmọ mi náà, mo fi sínú báàgì. Kò sẹ́ni tó yíjú wò wá.

Dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà jẹ́ obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ṣàlàyé fún wa pé egungun orí ọmọ tuntun kì í ṣe ẹyọ kan, pé ó pín sí abala abala, àlàfo sì wà láàárín wọn kí ọpọlọ lè ráyè dàgbà. Àlàfo tó wà láàárín orí ọmọ wa ti dí kí àsìkò rẹ̀ tó tó, ìdí nìyẹn tí orí kò fi ráyè fẹ̀, tí ó ń sá lọ sí iwájú àti ẹ̀yìn. Wọ́n máa la orí náà, wọ́n máa gé egungun tó ti lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì tún un tò. Ọkọ mi bi í bóyá títẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ mọ́, ọwọ́ kì í ya egungun.

Ó wá kọjú sí mi. Mi ò mọ ohun tó rí lójú mi.

“Ìyá ọmọ,” ó ní, “kò sí ohun tí ẹ jẹ tó fà á. Kò sí ibi tí ẹ rìn.”

Láti ìgbà tí mo ti bímọ, mi ò tíì sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Mo sun ún níbẹ̀.

Nígbà tí a padà sí Ìkẹ́rẹ́, wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Ó ní nínú ìran àwọn, kò sí ẹni tí wọ́n tíì la orí rẹ̀ bí ẹni ń la obì, pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí ó gùn, kí a jẹ́ kí ó gùn. Àwọn tó kù ń mi orí, orí tiwọn tó rí roboto. Ọkọ mi, tó lè fi èèbó sọ̀rọ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti àárọ̀ dọ́sàn-án láìmu omi, gbé ife omi dání, ó ń wo ìdí rẹ̀. Mo rò pé èmi ni n ó sọ ọ́. Àfi bí ó ṣe gbé ife náà kalẹ̀.

Ó ní, “Bàbá, a máa lọ ni.”

Kò fi nǹkan kan kún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti dárí ikọ́ ọjọ́ ọ̀rọ̀ Íjíbítì jì í.

Ìyá ọkọ mi ní òun ń bá wa lọ sí Ìbàdàn. A ò pè é, ó wọ mọ́tò. Nínú báàgì rẹ̀ ni ìgò àdí àgbọn wà, nítorí pé bí àwọn dókítà bá ṣe tiwọn tán, òun máa fọwọ́ parí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, a jọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi, òun àti ọkọ mi. Kò dákẹ́. Ó gbàdúrà, ó sọ ìtàn gbogbo ọmọ tó ti tẹ̀ rí, ó gba obìnrin tí a kò mọ̀ rí nímọ̀ràn lórí oyún inú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí a wọlé, mi ò mọ ọmọ mi mọ́. Báńdéèjì yí orí rẹ̀ ká, ojú rẹ̀ wú débi pé ìpéǹpéjú ti pa dé, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní imú àti ọwọ́. Nọ́ọ̀sì ní wíwú náà á lọ, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kí a má fọwọ́ kan orí, ẹsẹ̀ nìkan ni kí a dì mú. Ìyá ọkọ mi wò ó, ó jókòó. Mo dúró de ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Nígbà tó ṣe, ó bu àdí díẹ̀ sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ra àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ojú kan là, ó wò wá bí ẹni tí a jí lójú oorun. Èkejì tẹ̀ lé e.

Orí ọmọ mi rí bí orí ọmọ báyìí. Ó ti ń lọ sí ilé ìwé. Àpá náà lọ láti etí dé etí, onídìrí nìkan ló máa ń rí i. A ṣì máa ń lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe wò ó sàn. Wòlíì ti jẹ́rìí ní ìsọjí pé òun bá ọmọ kan jà fún orí rẹ̀, òun sì gbà á padà. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi ń sọ fún àwọn ènìyàn pé òun ni òun kọ́kọ́ ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá ní òun fọwọ́ sí i nípàdé. Ìyá ọkọ mi ní òun ti tẹ̀ ẹ́ débi tó lápẹẹrẹ, pé àwọn ti Ìbàdàn kàn fi díẹ̀ kún un ni.

Láìpẹ́ yìí, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan gbé ọmọ rẹ̀ wá láti Ìsẹ̀. Ẹ̀yìn orí ọmọ náà pẹlẹbẹ lápá kan. Kí n tó dìde, ìyá ọkọ mi ti gba ọmọ. Ó fi ìka wá àwùjẹ̀, ó rí i, ó tọ gbogbo orí náà wò. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi gba ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e padà fún ìyá rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé ní Adó, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n lọ. Dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n ń tẹ́ ẹ sí ló jẹ́ kó pẹlẹbẹ, kí wọ́n máa yí i padà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá ọkọ mi, ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí òun ti fọwọ́ kàn án. Mo bi í pé bí ó bá ti mọ̀, kí ló dé tó fi ní kí wọ́n lọ.

Ó wò mí bí ẹni ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ìbéèrè.

“Ṣé dókítà ni mí?”